Ṣúgà Inú Ẹ̀jẹ̀ àti Oyún Tí A Kò Tíì Mọ̀ Pé Ó Wà

Ẹ̀yin ará wa tí ń gbé ní Rumuola àti ní Port Harcourt gbogbo, bí ọ̀dọ́ méjì láàárín wa bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó, òbí àti pásítọ̀ a máa béèrè irú ẹ̀jẹ̀ wọn: ṣé AA ni tàbí AS? Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń béèrè bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ìyàwó ti rí?

Èrò tèmi ni pé kí oyún tó dúró rárá ni ó yẹ kí a béèrè rẹ̀. Bí ó bá fi máa di nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún ti dúró, ọ̀pá tí yóò di ọpọlọ àti mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ọmọ ti yẹ kí ó padé pátá. Nígbà náà, nǹkan oṣù kò tíì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí ó ti yẹ̀. Obìnrin mìíràn kò tíì sọ fún ọkọ rẹ̀. Oṣù kẹta tàbí ìkẹrin ni púpọ̀ nínú wọn ń forúkọ sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ó ti pẹ́ jù.

Ṣúgà tí ó bá pọ̀ lápọ̀jù lára ìyá a máa wọ inú ọlẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ́síjìn ti ń di oró tí ń jẹ ara ọmọ, bí ìpáàrà ti ń jẹ páànù orí ilé wa nínú òjò Port Harcourt yìí. Ara àgbàlagbà ní ohun tí ó fi ń pa oró náà. Ti ọlẹ̀ kò tíì gbó. Ní ilé ìwádìí Joslin ní Boston, Mary Loeken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i lára eku pé ó ń dín iṣẹ́ jíìnì kan kù, Pax3, tí ọ̀pá náà nílò kí ó tó lè padé.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ẹjọ́ tí a ń dá. Oyún bàjẹ́, a ní ayé ni, a gbé obìnrin náà lọ sílé lọ́dọ̀ wòlíì tàbí babaláwo. N kò sọ pé ṣúgà ni ó ń ba gbogbo oyún jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?

Àyẹ̀wò HbA1c ń fi bí ṣúgà ti rí láti nǹkan bí oṣù méjì sí mẹ́ta sẹ́yìn hàn. Àwọn dókítà fẹ́ kí ti ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà wà nísàlẹ̀ 6.5 nínú ọgọ́rùn-ún kí ó tó lóyún, kí ó sì ti máa lo fólíìkì ásíìdì. Kí ó má dá oògùn rẹ̀ dúró fúnra rẹ̀ o. Nítorí náà, ìgbéyàwó tí a ó lọ ṣe nílé ní oṣù Kejìlá, oṣù Kẹsàn-án ni kí tọkọtìyàwó ti lọ sí ilé àyẹ̀wò. Kí ọkọ ni ó san owó rẹ̀.