Ta Ló Ń Yan Orin fún Oníjó?

Ní gbọ̀ngàn ijó swing, yálà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Stockholm, ojú oníjó kì í sí lára DJ. Kò sí iná aláràbarà lórí rẹ̀, kò sí ẹni tí ń pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ló wà pẹ̀lú kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó fi hẹ́dífóònù sétí, ó ń gbọ́ orin tó kàn kí àwọn yòókù tó gbọ́ ọ. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ ni òde náà wà. Bí orin bá yára jù, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ijó á jókòó. Bí ó bá sì falẹ̀ jù, àwọn tára wọn ti gbóná á wábi gbà lọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù ní àyè yẹn tẹ́lẹ̀. Lónìí obìnrin pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n sì gbà débẹ̀ tó ohun tí ọmọ Yorùbá nílé àti lẹ́yìn odi yóò fẹ̀sọ̀ yẹ̀ wò.

Àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà ló ni ijó náà. Harlem ní ìlú New York ni lindy hop, ọ̀kan nínú àwọn ijó swing, ti gbilẹ̀, pàápàá nínú gbọ̀ngàn Savoy tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹta ọdún 1926, ní Lenox Avenue láàárín òpópónà 140 àti 141. Pèpéle olórin méjì ló wà nínú rẹ̀, kí ẹgbẹ́ kan lè gbà á lẹ́nu èkejì, kí orin má dáwọ́ dúró. Funfun àti dúdú ń jó pọ̀ níbẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ijó Amẹ́ríkà kò gbà fún wọn. Norma Miller, tí wọ́n bí ní Harlem ní ọdún 1919, gbé nítòsí Savoy ní kékeré, ó sì ń gbọ́ orin ibẹ̀ látinú ilé kí ọjọ́ orí rẹ̀ tó tó ti ẹni tí ń wọlé. Nígbà tó yá, ó di ọ̀kan nínú Whitey's Lindy Hoppers, ẹgbẹ́ oníjó tí ayé rí nínú fíìmù Hellzapoppin' ní 1941. Títí ó fi kú ní 2019, ní ẹni ọdún 99, kò yé kọ́ àwọn ọ̀dọ́, kò sì yé sọ fún wọn pé ọmọ Harlem ni ijó tí wọ́n ń jó.

Bí obìnrin ṣe ń jó ní Savoy, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin ti darí orin níbẹ̀. Ẹgbẹ́ Chick Webb, ògbóǹtarìgì onílù, ló jẹ́ ọba gbọ̀ngàn náà. Nígbà tí Webb kú ní oṣù kẹfà ọdún 1939, orúkọ Ella Fitzgerald, akọrin wọn tó jẹ́ ẹni ọdún 22, ni wọ́n gbé síwájú ẹgbẹ́ náà. Láàárín àkókò kan náà, Mary Lou Williams ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ Andy Kirk, òun ló sì ń to orin wọn. Benny Goodman, olórí ẹgbẹ́ swing mìíràn, pàápàá ní kó to orin fún òun. Ní Mississippi, láti ilé ẹ̀kọ́ Piney Woods, ẹgbẹ́ olórin tó jẹ́ obìnrin látòkè délẹ̀ jáde ní 1937, International Sweethearts of Rhythm. Àwọn sọ́jà aláwọ̀dúdú tó wà ní Yúróòpù kọ lẹ́tà pé kí wọ́n rán wọn wá, wọ́n sì lọ ní 1945. Fífọn ni wọ́n fọn fèrè, lílù ni wọ́n lu ìlù. Kì í ṣe pé wọ́n wá dúró fún ẹwà.

Wọ́n ti Savoy pa ní 1958, orin mìíràn sì gba ìgboro. Ní ọdún 1980 sí 1989 ni àwọn ọ̀dọ́ láti Sweden, Britain àti California bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn àgbà oníjó kiri. Iṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Frankie Manning, ọ̀gá nínú wọn, ti ń ṣe láti ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀ ẹ́ pé kó tún wá kọ́ àwọn. Ní Herräng, abúlé kékeré kan ní Sweden, wọ́n dá àgọ́ ijó sílẹ̀ ní 1982, oníjó sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo ayé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n kò sí ìlú tó lè máa sanwó fún odindi ẹgbẹ́ olórin ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Báyìí ni DJ ṣe jogún pèpéle Savoy.

Iṣẹ́ tó jogún kì í ṣe kékeré. DJ swing kì í lọ orin méjì pọ̀ mọ́ra bíi ti ilé ijó alẹ́. Ó máa ń jẹ́ kí orin parí, kí oníjó dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, kí oníkálukú wá ẹlòmíràn mú. Ọ̀pọ̀ àwo orin ayé ìgbà náà kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, nítorí ìwọ̀nba tí ojú àwo lè gbà nìyẹn. Nítorí náà, láàárín wákàtí kan, ó ti tó ogún ìgbà tí yóò ronú: ṣé kí ìlù ṣì máa lù ní 130 ní ìṣẹ́jú kan, àbí kó gòkè dé 180? Ta ló ti ń mí hẹlẹ? Àwọn wo ló ti jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀? Ṣé àwo tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1936 yìí kò ní pariwo jù létí lẹ́yìn èyí tí wọ́n ṣe lánàá? Ẹni tó fẹ́ ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ mọ ẹgbẹ́ olórin, kó mọ ọdún, kó mọ ẹni tó fọn fèrè, kó sì mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin.

Ìmọ̀ yìí gan-an ni odi tí obìnrin bá pàdé. Àwọn tó ń kó àwo orin jọ, tí wọ́n ń bára wọn jiyàn lórí ọdún àti orúkọ, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ijó náà pẹ̀lú ti pín ipò tipẹ́: ọkùnrin ń darí, obìnrin ń tẹ̀ lé e. Nígbà tí wọ́n bá wá ń wá ẹni tí yóò yan orin, ojú wọn a lọ sọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti mọ̀ sí olùdarí. Obìnrin a gba wákàtí àkọ́kọ́, nígbà tí èèyàn kò tíì pé. Aago mẹ́wàá sí méjìlá, tí òde gbóná jù, a bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ohun tó yí i padà kò ṣòro lóye. Obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ obìnrin. Àwọn ẹgbẹ́ ijó ní ìlú kọ̀ọ̀kan ya alẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń fi orin dánra wò. Àwọn àjọ̀dún ńlá yan alákòóso DJ, wọ́n ń tẹ orúkọ àti wákàtí kálukú síta kí gbogbo ènìyàn lè rí i, ohun tí a bá sì tẹ̀ síta, ẹnu lè bà á. Láti ọdún 2015, lẹ́yìn tí àwọn obìnrin kan sọ̀rọ̀ síta nípa ìwà ipá tí wọ́n hù sí wọn láàárín ẹgbẹ́ oníjó, ọ̀pọ̀ àjọ̀dún kọ òfin ìwà sílẹ̀, wọ́n sì yan ẹni tí a lè fẹjọ́ sùn, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ di aago mẹ́ta òru náà sì wà lábẹ́ ààbò yẹn. Obìnrin tó ń darí nínú ijó pẹ̀lú ti pọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó tún ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu.

Owó ni kò tíì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ DJ swing, lọ́kùnrin lóbìnrin, ìwé ìwọlé ọ̀fẹ́ ni owó iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tí kò sì ní ọmọ tí yóò sanwó alágbàtọ́ fún, ló lè máa ṣe irú rẹ̀ títí. Ìyẹn kan obìnrin ju ọkùnrin lọ, ilẹ̀kùn tó ṣí kò sì ní pẹ́ di títì fún ẹni tí kò lágbára àtiṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́.

Nílé ńkọ́? Ẹni tó bá sọ pé obìnrin kì í darí orin ní ilẹ̀ Yorùbá kò tíì dé ibi ìdána. Alága ìdúró àti alága ìjókòó, obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, ló ń sọ ìgbà tí orin yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Alága á dá orin, onílù á gbè é. Á ní kí ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, wọ́n á sì dọ̀bálẹ̀. Bí ó bá rí i pé òde ti ń tutù, á yí orin padà, á pe oríkì ìdílé, owó á máa jáde. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ yìí dé Lọ́ńdọ̀nù, Houston àti Toronto, wọ́n ń gba owó gidi lórí rẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà tó ń bi wọ́n pé ta ló fún wọn láṣẹ. Wákà náà ti ọwọ́ obìnrin jáde. Salawa Abeni gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1976, nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, ẹgbẹ́ tirẹ̀ ló sì darí fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.

Ẹ̀rọ ló wá di àyè ọkùnrin. Bí ìdána bá ti parí, tí ìnáwó gan-an bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ló sábà máa ń wà nídìí sípíkà. Obìnrin tó bá débẹ̀ a máa gbọ́ ìbéèrè tí wọn kì í bi ọkùnrin: ta ló kọ́ ọ, ta ló ń bá ọ yan orin, ṣé ọkọ rẹ mọ̀ pé ìta lo sùn? Síbẹ̀ wọ́n ń débẹ̀. DJ Lambo, Olawunmi Okerayi, ti di orúkọ tí Èkó mọ̀ dunjú láti ìgbà tó ti wà pẹ̀lú ilé iṣẹ́ orin Chocolate City. Florence Ifeoluwa Otedola, tí gbogbo ayé mọ̀ sí DJ Cuppy, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó dàgbà ní Èkó àti Lọ́ńdọ̀nù, bẹ̀rẹ̀ ètò Africa Now Radio lórí Apple Music ní 2020. Àwọn kan kò yé sọ pé owó bàbá rẹ̀ ló gbé e débẹ̀. Owó lè ra ẹ̀rọ lóòótọ́; kò lè bá ènìyàn mọ orin tó yẹ kó tẹ̀ lé èyí tó ń lọ lọ́wọ́.

Kúbà fi hàn pé ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà. Nínú ẹ̀sìn òrìṣà tí àwọn baba ńlá gbé lọ síbẹ̀, àṣà kò jẹ́ kí obìnrin fọwọ́ kan ìlù bàtá tí a ti bọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dá orin, tó ń yan orin òrìṣà tó kàn, tó ń wo oníjó lójú kó tó yí i padà, lè jẹ́ obìnrin. Amelia Pedroso ní Havana lókìkí nídìí iṣẹ́ náà kó tó kú ní 2000. Òun àti àwọn obìnrin mìíràn, bíi ẹgbẹ́ Obini Batá, tún wá mú bàtá tí a kò bọ, wọ́n sì lù ú níwájú èrò. Nílé náà, Aralola Olamuyiwa, tí wọ́n ń pè ní Ara, gbé gángan kọ́ èjìká nígbà tí ọ̀pọ̀ ṣì gbà pé iṣẹ́ ọmọkùnrin ìdílé Àyàn nìkan ni. Ní Kúbà àti nílé, wọ́n ti gbà kí obìnrin yan orin kí wọ́n tó gbà kí ó fọwọ́ kan ohun èlò.

Èyí ló yẹ kí ó fi àwọn tó ń ṣètò òde lọ́kàn balẹ̀. Òye tí iṣẹ́ DJ ń fẹ́, kíka ojú èrò, mímọ ìtàn orin, mímọ ìgbà tí ẹsẹ̀ ń fẹ́ ìsinmi, wà lọ́wọ́ obìnrin Yorùbá tipẹ́, a sì ń sanwó rẹ̀ fún wọn nílé ìdána. Ohun tí ilé lè kọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníjó swing ni alẹ́ ìdánrawò tí ọmọbìnrin lè wọ̀ láìjẹ́ pé ó mọ ẹnikẹ́ni, orúkọ àti wákàtí tí a tẹ̀ síta, àti ẹni tí a lè fẹjọ́ sùn lóru. Ohun tí àwọn tòkè òkun lè kọ́ nílé ni pé ẹni tó mú òde gbóná yẹ kó gba owó kó tó re ilé.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Houston, tí wọ́n máa ń ṣe ọjọ́ ẹgbẹ́ lọ́dọọdún, lè fi méjèèjì dánwò lọ́dún yìí. Kí wọ́n fún obìnrin kan ní àárín alẹ́, nígbà tí oúnjẹ ti tán, tí onífàájì ti dìde. Kí iye owó rẹ̀ wà nínú ìwé àdéhùn kan náà pẹ̀lú ti alága àti ti onílù, kí wọ́n sì san án ní ọjọ́ kan náà.