Ẹ Má Fi Oko Koríko Yín Sílẹ̀, Ẹ Tún Un Ṣe

Ẹ̀yin ará wa ní Ṣábẹ̀, ní Kétu, àti ní gbogbo abúlé tí a ti ń sin màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, ẹ gbọ́ o. Ọ̀rọ̀ oko koríko ni a fẹ́ bá yín sọ.

Ẹni tó gbin koríko fún ẹran rẹ̀ ti ṣe ohun tó dára. Ṣùgbọ́n kí ni a ń rí? Ní ọdún kìíní, koríko ga. Ní ọdún kejì, ó ṣì dára. Nígbà tó bá di ọdún kẹrin, èkan ti wọ inú rẹ̀, àárín ìdì koríko ti kú. Olóko á ní: «Ilẹ̀ yìí ti gbó.» Á fi í sílẹ̀, á lọ ṣán igbó mìíràn.

Àwa sọ pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ náà kò gbó, ebi ló ń pa á. Nígbàkúgbà tí ẹ bá gé koríko lọ, oúnjẹ ilẹ̀ ni ẹ gbé lọ. Ẹni tó ń bù nínú àká láì dà sí i, àká rẹ̀ yóò ṣófo.

Ẹ kọ́kọ́ wo oko náà dáadáa. Ẹ rin ìṣísẹ̀ 10. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹsẹ̀ yín bọ́ sórí èkan tàbí ilẹ̀ òfìfo? Bí kò bá ju 5 lọ, àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ro gbogbo rẹ̀, ẹ gbin ẹ̀wà síbẹ̀ fún ọdún kan, nítorí ẹ̀wà ń mú ilẹ̀ sanra. Lẹ́yìn náà kí ẹ tún koríko gbìn.

Báwo ni a ṣe ń ṣe àtúnṣe? Nígbà tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ gé koríko gbígbẹ tó kù kúrò. Ẹ fi ọkọ́ wú èkan tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ẹ kó ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà wá, kí ẹ fọ́n ọn ká. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé, ẹ wú ìdì koríko tó lágbára, ẹ pín in, kí ẹ gbìn ín síbi tó ṣófo, ní ìdajì mítà síra wọn. Ẹran kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí gbòǹgbò yóò fi mú ilẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má gé e kanlẹ̀ mọ́. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 sílẹ̀. Gègé tí ẹ fi ń kọ̀wé gùn tó 15. Ẹ gé e kó tó yọ òdòdó, nítorí bó bá ti yọ ọ́, igi rẹ̀ á le, ẹran kì í fẹ́ ẹ.

Nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀, ẹ gé èyí tí ẹ óò tọ́jú. Ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ máa yí i. Ẹ dì í, kí ẹ kó o sórí àtẹ́ lábẹ́ òrùlé. Èyí tó bá tutù yóò bu, yóò sì ṣe ẹran ní àìsàn.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro mítà 5 yí oko ká, kí iná ìgbẹ́ má bàa jẹ iṣẹ́ ọdún kan ní wákàtí kan.

Ṣé iṣẹ́ yìí pọ̀? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọ̀dá ọdún 1973 àti ti 1983, tó lé ọ̀pọ̀ darandaran láti Nìjẹ́ẹ̀ wá sísàlẹ̀. Màlúù tí ebi ń pa kò mọ ààlà. Ó ń wọ oko ẹ̀gẹ́, àdá á sì yọ láàárín ènìyàn méjì tó ti jọ ń jẹun. Koríko tó wà lórí àtẹ́ ní oṣù kejì lè dá ìjà bẹ́ẹ̀ dúró.

Ẹ lọ wo oko yín lọ́la. Ẹ sì ka ìwé yìí sétí aládùúgbò tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà.