ÈÉRÍ KÌ Í ṢE ỌRẸ

Àwọn àgbà ní omi kò ní ọ̀tá. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi bi ara yín léèrè bóyá àwa ènìyàn kò ti sọ ara wa di ọ̀tá omi.

Àríyànjiyàn kan tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó mú mi kọ ìwé yìí. A ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ní ilẹ̀ Íńdíà, tí àwọn kan nínú wọn ń kó òdòdó àti ère kúrò nínú odò lẹ́yìn ọdún, tí wọ́n sì ń sọ wọ́n di ohun ìlò mìíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan fi ọwọ́ lu tábìlì, ó ní: “Èèwọ̀ ni! Ohun tí a bá ti fún òrìṣà, a kì í gbà á padà.” Ọ̀pọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi kò pàtẹ́wọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyí.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà ọdún Ganesha, pàápàá ní ìlú Mumbai àti Pune, wọn a gbé ère òrìṣà náà kalẹ̀ sí ilé àti sí ìta gbangba. Wọn a bọ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọn a fi ìlù àti ijó sìn ín lọ sí odò tàbí etí òkun. Ní Kolkata, Durga ni wọ́n ń sìn lọ bẹ́ẹ̀ sí odò Hooghly, tí í ṣe ẹ̀ka odò Ganges. Amọ̀ odò, koríko gbígbẹ àti ọparun ni àwọn oníṣẹ́ ọnà àdúgbò Kumartuli fi ń mọ ère rẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ jinlẹ̀: inú omi ni amọ̀ ti wá, inú omi ni ó ń padà sí. Òrìṣà lọ sí ilé rẹ̀, ère sì yòrò.

Kí ni ó wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́? Pílásítà ni, irú P.O.P. tí a fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sí àjà ilé lónìí. Ó fúyẹ́ ju amọ̀ lọ, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í yòrò bí amọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lẹ́yìn ọdún, orí ère a wà níhìn-ín, apá a wà lọ́hùn-ún, ní etí omi. Ọ̀dà tí a fi kun òmíràn ní òjé àti májèlé mìíràn nínú. Òdòdó tí ń jẹrà nínú omi ń jẹ afẹ́fẹ́ tí ẹja fi ń mí. Ọ̀rá tí a fi di òdòdó náà kò tilẹ̀ mọ ohun tí ń jẹ́ jíjẹrà.

Mo wá bi ọ̀rẹ́ mi: ta ni ó ba àṣà jẹ́? Ṣé ẹni tí ó kó pílásítà kúrò nínú odò ni, àbí ẹni tí ó gbé e wá? Àṣà ni pé kí ère yòrò. Pílásítà àti ọ̀rá ni àlejò àná, tí a wá ń jà fún bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí wa.

Àwọn ará Íńdíà fúnra wọn ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2010, àjọ ìjọba àpapọ̀ wọn tí ń mójú tó ìbàjẹ́ àyíká gbé ìlànà jáde pé kí á bọ́ òdòdó, aṣọ àti ọ̀ṣọ́ kúrò lára ère kí ó tó wọ omi. Ní ọdún 2020, ó tún ìlànà náà ṣe, ó sì ta ko ère pílásítà. Àwọn Híńdù ní orúkọ fún ọrẹ tí a ti lò tán, nirmalya ni wọ́n ń pè é, ohun ọ̀wọ̀ sì ni. Nítorí náà, ní Mumbai, a kì í dà á pọ̀ mọ́ ìdọ̀tí; a ya ìkòkò ńláńlá sọ́tọ̀ fún un ní etí omi, a sì ń sọ ọ́ di ajílẹ̀. Ní Kolkata, ẹ̀rọ agbẹ́rù ń dúró ní etí odò láti gbé egungun ère jáde ní kété tí ó bá ti wọ omi. Ní Pune, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi oògùn kan tí ń jẹ́ ammonium bicarbonate hàn wọ́n, tí ń yọ́ ère pílásítà nínú korobá nínú ilé; omi rẹ̀ a sì di ajílẹ̀. Ní Kanpur, ilé-iṣẹ́ Phool ń ṣa òdòdó tẹ́ńpìlì, ó sì ń sọ ọ́ di tùràrí. Ohun tí a fi bọ òrìṣà lánàá ń tún padà rú òórùn dídùn níwájú òrìṣà. Èwo ni èèwọ̀ nínú èyí?

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí olùjọsìn ń dà sódò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbẹ́ ìlú àti omi májèlé ilé-iṣẹ́ awọ ní Kanpur. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ń pe odò ní ìyá, tí ó sì ń da ọ̀rá sí i lójú, ẹnu wo ni yóò fi bá aláwọ wí?

Kí á má sì ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè lásán ni. Ní ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí ìwakùsà góòlù ti da omi Ọ̀ṣun rú, ìjọba ní láti kìlọ̀ fún ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún. Omi tí àwọn ìyá wa ń pọn fún àgbo ọmọ! Bí a bá fẹ́ kí awakùsà gbọ́ ohùn wa, kí ọwọ́ tiwa náà mọ́ nígbà tí a bá dé etí odò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, àwa ni a ó kọ́ ọmọ ní ohun tí àṣà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ wọn pé ọrẹ ni ohun tí ń dùn mọ́ ẹni tí a fi fún. A kì í fi èérí ta ìyá ẹni lọ́rẹ.