Kámẹ́rà yín ò ṣe nǹkan kan, ìmọ́lẹ̀ ni kò tó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀ kà á.

Ó ti sú mi. Ẹnì kan á gbé fídíò ẹ̀ síta, á ní gbogbo ibi tó dúdú nínú ẹ̀ ń jó wóró-wóró bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i, kí lòun lè ṣe? Kó tó pé ìṣẹ́jú márùn-ún, èèyàn mẹ́wàá á ti dáhùn: "Ta á, lọ ra full frame." Full frame kẹ̀! Ọmọ tó dájọ títí kó tó ra ZV-E10 tòkúnbọ̀, ẹ ò béèrè lẹ́ńsì tó ń lò, ẹ ò béèrè ibi tí gílóòbù wà, ìnáwó míì lẹ ti ń pè fún un. Ìmọ̀ràn burúkú ni. Mo tún un sọ: burúkú ni.

Iyanrìn yẹn, èyí tí gbogbo wa ń pè ní noise, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tó ti ń wá. Ìmọ́lẹ̀ kì í wọ kámẹ́rà bí omi ẹ̀rọ, ó ń kán wọlé ni, bí òjò. Ẹ to ife mẹ́wàá síta nígbà tí òjò bá ń ṣe wínníwínní, omi inú wọn ò ní dọ́gba rárá. Kí òjò rọ̀ gan-an, ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ìyàtọ̀ yẹn mọ́. Àwọn ife yẹn ni sensor yín, ìyàtọ̀ yẹn ni noise. Bí ìmọ́lẹ̀ bá di ìlọ́po mẹ́rin, àwòrán á mọ́ ní ìlọ́po méjì. ISO ò sì mú ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ kan wá o. Ohun tó ti wọlé ló ń gbé sókè, tòun ti ìdọ̀tí ẹ̀.

Mi ò ní parọ́: sensor full frame fẹ̀ ju ti APS-C lọ ní ìlọ́po méjì ó lé díẹ̀. Ẹni tó ń ya òde alẹ́, tí alága ìdúró ò ní dúró dè é kó fi to iná, òun ò sí nínú ẹjọ́ yìí. Àmọ́ ẹ wo lẹ́ńsì 16-50mm tó bá kámẹ́rà yẹn wá. Tẹ́ ẹ bá sún un dé 50, f/5.6 ló kù sí. Lẹ́ńsì f/1.4, irú Sigma 30mm, ń gba ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po 16 ìyẹn. Torí ìlọ́po méjì lẹ ṣe fẹ́ kó ta kámẹ́rà, ẹ wá fi ìlọ́po 16 sílẹ̀. Ìṣirò wo nìyẹn?

Shutter ńkọ́? Ẹ̀ ń fi 1/200 ya èèyàn tó jókòó jẹ́ẹ́ sójú kan. Ẹ gbé e wá sí 1/50, ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ ò ná kọ́bọ̀. Ẹ má sì dá àwọn ọ̀gá YouTube tó wà ní Amẹ́ríkà lóhùn tí wọ́n bá ní 1/60. Iná tiwọn 60Hz ni, tiwa ní Nàìjíríà 50Hz. Ìdí nìyẹn tí gílóòbù yín fi ń ṣẹ́jú nínú fídíò. 25fps, 1/50, ó parí. Tí 25 ò bá sí nínú menu, ẹ yí NTSC sí PAL, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín kúrò lórí káàdì o, ó lè ní kẹ́ ẹ format ẹ̀.

Ẹ tún wá gbé S-Log3 wọ pálọ̀ tí gílóòbù kan ṣoṣo wà, torí pé ẹnì kan ń ta LUT fún yín. Lórí ZV-E10, log yẹn ò lè sọ̀ kalẹ̀ dé ISO 100, 8-bit sì ni kámẹ́rà náà ń kọ. Ibi tí oòrùn àti òjìji ti ń bára wọn jà ni log wúlò sí. Nínú òkùnkùn, iyanrìn ló ń kó jọ, LUT á wá kun iyanrìn yẹn láwọ̀. Ẹ pa á jàre.

Èyí tó ń dùn mí jù rèé. Àwọn kan ń sọ ọ́ láìtijú pé àwọ̀ dúdú wa ló ń fa noise. Irọ́ ni! Ògiri funfun, léèsì funfun, wíńdò lẹ́yìn èèyàn: kámẹ́rà tó wà lórí auto á wo gbogbo ẹ̀, á ní ibí yìí ti mọ́lẹ̀ jù, á fa ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀. Ojú yín á bá a lọ sínú òjìji, níbi tí noise ń gbé. Ọ̀rọ̀ yìí ò tuntun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń lo káàdì Shirley ti Kodak, àwòrán obìnrin òyìnbó, láti fi mọ̀ bóyá àwọ̀ inú fọ́tò dára. Ẹni tí wọn ò rò mọ́ ọn ni wọ́n wá ń dá lẹ́bi. Ojú ni kẹ́ ẹ wò, kì í ṣe ògiri. Ẹ gbé exposure sókè títí ojú á fi hàn dáadáa. Bí ògiri bá funfun jù díẹ̀, ṣé ògiri lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ ni?

Kò síná? Wíńdò ò gba owó iná. Ẹ fẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má kẹ̀yìn sí i, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun sí òdìkejì kó máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ gílóòbù lẹ ní, ẹ sún un láti mítà méjì wá sí mítà kan, ìlọ́po mẹ́rin tún nìyẹn.

Ẹ má sọ fún mi pé ẹ máa fi denoise fọ̀ ọ́. Ti DaVinci Resolve, inú Studio tí wọ́n ń rà lówó ló wà, kò sí nínú ti ọ̀fẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì kì í bọ̀ ọ́ jù, ojú èèyàn á máa dán bíi ti bèbí oníròbà. Tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní fọ̀ ọ́, Instagram àti WhatsApp ń dúró dè yín: bí wọ́n bá ti ń fún fídíò yẹn pọ̀, iyanrìn tó ń sá kiri yẹn ló máa jẹ gbogbo àyè tó yẹ kí ojú yín ní, àwòrán á wá ṣù bí ẹ̀kọ tí kò jinná.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ jiyàn, fídíò méjì ni kó gbé wá. Ọ̀kan, full frame ẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì f/5.6 lábẹ́ gílóòbù síllìnì. Èkejì, kámẹ́rà kékeré lẹ́bàá wíńdò, f/1.4, 1/50. Kó má kọ orúkọ sí èyíkéyìí nínú wọn. Ìdí post yìí ni kó lẹ̀ ẹ́ mọ́, gbogbo wa á jọ wò ó.