Ìpè padà tó pẹ́ kó tó délé: Ohun tí ìbínú àwọn oní-Citroën kọ́ àwa tí a ń wa tòkunbọ̀

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, obìnrin kan kú nínú ọkọ̀ Citroën C3 rẹ̀ ní ìlú Reims, ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé. Ìjàǹbá ọkọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ́ábáàgì, àpò afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbà á là, ni ó ṣe é léṣe dójú ikú. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà tí mínísítà fún ètò ìrìnnà ní ilẹ̀ náà, Philippe Tabarot, pàṣẹ pé kí gbogbo C3 àti DS3 tí wọn kò tíì pààrọ̀ ẹ́ábáàgì Takata inú wọn dúró síbi tí wọ́n wà. Bí ọ̀kẹ́ mẹ́rin ọkọ̀ ó lé díẹ̀, èyíinì 82,000, ni àṣẹ tuntun náà tún dá dúró ní ilẹ̀ Faransé. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ àti ẹbí wa ń gbé, ó sì kan ọkọ̀ tó lé ní 120,000.

Kì í ṣe ikú kan ṣoṣo yìí ló mú kí ará ìlú fárígá. Ohun tó bí wọn nínú ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí gbogbo ayé ti mọ̀ pé ẹ́ábáàgì tí ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe lè bú gbàmù. Síbẹ̀, ọdún 2024 ni Citroën tó sọ fún àwọn tó ni C3 àti DS3 pé kí wọ́n má wà á mọ́, àwọn tó ń gbé ní gúúsù, níbi tí ooru ti pọ̀ jù, ni ó sì kọ́kọ́ kọ̀wé sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gba ìwé náà ni kò tètè rí ẹ̀rọ tuntun gbà. Ọkọ̀ wọn wà lójúde, wọn kò lè fi lọ síbi iṣẹ́, wọn kò sì lè fi gbé ọmọ lọ sílé ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní àríwá ń wa tiwọn lọ ní tiwọn, torí pé kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró. Nígbà tí ikú wá dé Reims, ìbéèrè kan ló gba ẹnu gbogbo ènìyàn: bí ẹ bá mọ̀, kí ló dé tí ẹ kò tètè sọ?

Ìbéèrè náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀wò níhìn-ín. Citroën kò wọ́pọ̀ lójú pópó wa, ṣùgbọ́n ẹ́ábáàgì tó dá wàhálà náà sílẹ̀ wà nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn tí a ń rà lójoojúmọ́. Bí ọ̀rọ̀ náà bá le fún ẹni tí ilé-iṣẹ́ mọ ilé rẹ̀, tó sì ní àdírẹ́sì tí lẹ́tà lè dé, ẹ jẹ́ kí a ro bí yóò ti rí fún ẹni tó ra ọkọ̀ tó gba orí òkun wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣàlàyé bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Àpò náà wà ní kíká sínú sítíárìn fún awakọ̀, òmíràn sì wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù fún ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan, iná kékeré kan yóò ran kẹ́míkà tó wà nínú agolo irin, afẹ́fẹ́ yóò tú jáde, àpò yóò sì wú kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kẹ́míkà tí Takata yàn ni ammonium nitrate, irú èyí tí wọ́n ń lò nínú ajílẹ̀ àti níbi tí wọ́n ti ń fọ́ àpáta. Kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò bá ọ̀rinrin rẹ́. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá ń bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Lọ́jọ́ tí iná bá wá ràn án, yóò jó yára ju bó ti yẹ lọ, agolo irin kò ní lè gbà á mọ́ra mọ́, yóò fọ́, àfọ́kù rẹ̀ yóò sì fò bí ọta ìbọn sí ọrùn àti ojú ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé ohun mẹ́ta ló ń fa ìbàjẹ́ yìí: ọ̀rinrin, ooru tó ń lọ tó ń bọ̀, àti ọjọ́ orí ọkọ̀.

Ní Amẹ́ríkà ni ariwo ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ pọ̀, orúkọ tó sì gba ẹnu àwọn ènìyàn jù níbẹ̀ ni Honda, oníbàárà tó tóbi jù fún Takata. Ọdún 2004 ni ẹ́ábáàgì kan bú nínú ọkọ̀ Honda Accord ní ìpínlẹ̀ Alabama. Ọdún 2008 ni Honda tó pe ọkọ̀ padà fún ìgbà àkọ́kọ́, bí 4,000 péré. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, ọ̀dọ́bìnrin ọmọ ọdún 18 kú ní ìpínlẹ̀ Oklahoma nínú Accord ọdún 2001. Láti ìgbà náà ni ìpè padà ti ń jáde ní díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún, tí iye ọkọ̀ sì ń pọ̀ sí i nígbà gbogbo, títí àwọn aṣòfin fi pe aṣojú Takata àti ti Honda wá síwájú ìgbìmọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2014. Ní oṣù Kìíní ọdún 2015, ìjọba Amẹ́ríkà bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 70 dọ́là lé Honda lórí nítorí pé kò fi ẹ̀sùn ikú àti ìpalára 1,729 tó ìjọba létí láàárín ọdún mọ́kànlá. Kì í ṣe ẹ́ábáàgì ló fa gbogbo ìpalára wọ̀nyẹn. Ohun tó mú owó ìtanràn wá ni ìdákẹ́jẹ́ náà.

Takata fúnra rẹ̀ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó di oṣù Kìíní ọdún 2017, ó gbà níwájú òfin pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì, pé òun yí àbájáde àyẹ̀wò padà kí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ má bàa mọ òtítọ́. Bílíọ̀nù kan dọ́là ni wọ́n ní kó san. Kí oṣù Kẹfà ọdún kan náà tó parí, ó ti wọ gbèsè, ó sì wá ààbò òfin. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹ́ábáàgì bí mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, ìpè padà tó tóbi jù nínú ìtàn ọkọ̀ ilẹ̀ náà.

Apá kan wà nínú ìtàn yìí tó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í le ní ọdún 2014, àwọn ibi tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀ nìkan ni àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fẹ́ pe ọkọ̀ padà níbẹ̀: Florida, Hawaii, Puerto Rico àti àwọn erékùṣù tó jọ wọ́n. Àwọn ará ìpínlẹ̀ yòókù fárígá, wọ́n ní ọkọ̀ a máa rin ìrìn àjò, ẹni tó ra ọkọ̀ ní Florida lè kó lọ sí ibòmíràn. Ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀ láàárín gúúsù àti àríwá ilẹ̀ Faransé. Nínú àwọn tí ẹ́ábáàgì yìí pa lábẹ́ àsíá ilẹ̀ Faransé, púpọ̀ jù wọn ló kú ní àwọn erékùṣù rẹ̀ tó wà lókèèrè, níbi tí oòrùn ti ń mú, tí ojò sì ń rọ̀ gidigidi. Bí ojú ọjọ́ Florida bá tó ohun tí a fi ń kó ọkọ̀ padà, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa pé ojú ọjọ́ tiwa tó bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tó ti lo ogún ọdún láyé, tó sì ń sùn sínú oòrùn àti òjò ní ìlú wa, ti kó ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àwọn onímọ̀ dárúkọ jọ sí ara rẹ̀.

Àwọn ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ tí ojú wa kò rí rí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2016, NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé nínú àwọn Honda àti Acura kan, bí ìdajì ẹ́ábáàgì wọn ló lè bú bí ìjàǹbá bá dé. Lára wọn ni Accord àti Civic ọdún 2001 àti 2002, CR-V àti Odyssey ọdún 2002, àti Pilot ọdún 2003. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Toyota náà sọ fún àwọn tó ni bí 50,000 ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má wà á mọ́ rárá: Corolla àti Matrix ọdún 2003 àti 2004, pẹ̀lú RAV4 ọdún 2004 àti 2005. Ẹni tó bá dúró ní ibùdókọ̀ èyíkéyìí ní ìpínlẹ̀ wa fún wákàtí kan yóò rí púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí tí wọ́n ń kọjá.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà láàárín àwa àti ará Reims. Ìpè padà ń tẹ̀lé ìwé. Ilé-iṣẹ́ a máa wo orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ọkọ̀ wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ìjọba, a sì kọ̀wé sí i. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò lọ́wọ́ olówó rẹ̀ ní Texas tàbí Belgium, tó wọ ọkọ̀ ojú omi, tó gba Cotonou tàbí Èkó wọlé, tó sì tún kọjá lọ́wọ́ oníṣòwò méjì kó tó dé ọwọ́ wa, lẹ́tà náà yóò máa kan ilẹ̀kùn ẹni tó ti tà á. Ìkìlọ̀ wà, ṣùgbọ́n kò mọ ilé wa. Nítorí náà, ará Faransé lè bínú pé wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó sọ fún òun. Ní tiwa, àfi kí a fẹsẹ̀ ara wa lọ bèèrè.

Òfin ilẹ̀ wa kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2018, èyí tó gbé àjọ FCCPC kalẹ̀, sọ ọ́ di dandan fún ẹni tó ṣe ọjà tàbí tó ń pín in kiri pé, bó bá mọ̀ pé ewu wà nínú rẹ̀, kí ó kéde fún ará ìlú, kí ó sì kó ọjà náà kúrò nílẹ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n pè padà ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè lọ́wọ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ náà ní Nàìjíríà, kí ó sì mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ bá FCCPC bí wọn kò bá dá a lóhùn.

Ṣáájú ohun gbogbo, ohun tí a gba olúkúlùkù nímọ̀ràn ni kí ó mọ ipò ọkọ̀ rẹ̀. Nọ́ńbà VIN, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní nọ́ńbà ṣáásí, ní lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ó wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù lápá awakọ̀, a sì máa rí i láti ìta láti inú gíláàsì iwájú. Bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ lè tẹ nọ́ńbà yìí sí ojú òpó NHTSA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìsan kọ́bọ̀, yóò sì sọ bí ìpè padà kan bá wà tí wọn kò tíì ṣe àtúnṣe rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò ní pé lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ṣe èyí kó tó sanwó, kí oníṣòwò tó ń tà á sì gbà pé ẹ̀tọ́ oníbàárà ni.

Bí èsì bá sọ pé kí ẹ má wa ọkọ̀ náà, ẹ gbọ́ràn sí i. Ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ábáàgì lẹ́bàá ọ̀nà, nítorí ohun ìbúgbàmù ni. Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ àlòkù: ní ọdún 2017, ọ̀dọ́bìnrin kan fara pa gidigidi ní ìlú Las Vegas nítorí pé wọ́n gbé ẹ́ábáàgì Takata láti ara ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ sínú ọkọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìbẹ̀rù má ṣe mú wa sọ pé ẹ́ábáàgì kò dára. Ẹ́ábáàgì tó péye ń gba ẹ̀mí là lójoojúmọ́, bẹ́líìtì ìjókòó sì ni ààbò àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀ yòówù kó jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kan kù tó kan àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ láti máa sọ̀rọ̀ fún ará ìlú. Kò sí ẹni tó ń ṣe nǹkan tí àṣìṣe kò lè bá, àwọn ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ba orúkọ Takata jẹ́ títí tí iṣẹ́ rẹ̀ fi wọlẹ̀, tó sì sọ Citroën di ẹni à ń bínú sí, ni ọjọ́ tó wà láàárín ìgbà tí wọ́n mọ̀ àti ìgbà tí wọ́n sọ. Ìjọba, ilé-iṣẹ́ àti oníṣòwò tó bá tètè sọ òtítọ́, bó tilẹ̀ korò, ni ará ìlú yóò tún gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu lọ́jọ́ mìíràn.

Ní báyìí ná, a ti sọ fún ara wa. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Kí á tó gbé ọmọ sínú ọkọ̀ lọ sílé ìwé lọ́la, ẹ jẹ́ kí á ka nọ́ńbà 17 náà.