Ìṣọ́ Ọmọ Lórí Fóònù

Ìbéèrè kan wà tí ó tọ́ kí olúkúlùkù òbí tí ó fi fóònù lé ọmọ lọ́wọ́ bi ara rẹ̀: bí a bá ti fi ẹ̀rọ ìṣọ́ sínú fóònù náà, ọkàn wa ha lè balẹ̀ bí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ náà ní ìyìn tí ó tọ́ sí i. Family Link, tí ilé-iṣẹ́ Google gbé jáde ní ọdún 2017, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nípa rẹ̀, òbí lè mọ iye wákàtí tí ọmọ lò nídìí fóònù, ó lè tì í nígbà tí àkókò oorun bá tó, ó sì lè rí ibi tí fóònù náà wà. Fún ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, ìrànlọ́wọ́ ńlá ni èyí.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: fóònù ni ó ń ṣọ́, kì í ṣe ọmọ. Kì í fi ọ̀rọ̀ tí àjèjì ń kọ sí ọmọ lórí WhatsApp han òbí. Bí ọmọ bá sì yá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó mú ti ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ ní Mazamaza nígbà tí ìyá ń dá oníbàárà lóhùn, ìṣọ́ ti parí nìyẹn.

Ó tún ní òpin mìíràn. Ní oṣù keje ọdún 2012, a pa Cynthia Osokogu ní ilé ìtura kan ní Festac, tí kò jìnnà sí Mazamaza. Akẹ́kọ̀ọ́ oyè kejì ni, ó sì ń ṣòwò aṣọ. Orí Facebook ni ó ti mọ àwọn tí ó tàn án wá. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ ikú fún ọkùnrin méjì nítorí ọ̀ràn náà. Ẹ̀bi ẹni tí ó kú kọ́. Ti àwọn apànìyàn ni. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: àgbàlagbà ni, kò sì sí òbí tí í fi ẹ̀rọ ìṣọ́ sínú fóònù àgbàlagbà. Ohun tí ó lè bá ọmọ dàgbà ni àṣà tí a fi kọ́ ọ láti kékeré: kí ó má ṣe dá nìkan lọ pàdé ẹni tí ó mọ̀ lórí fóònù, kí ó jẹ́ ní gbangba, kí ará ilé sì mọ ibi tí ó lọ àti ẹni tí ó lọ bá.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ náà pamọ́ bí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Ẹ fi han ọmọ, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kí ẹ sì máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń dàgbà. Ọmọ tí ó bá ṣèèṣì rí i pé a ń ṣọ́ òun ní ìkọ̀kọ̀ yóò kọ́ bí a ti ń fara pamọ́.

Ní ọjọ́ tí ọmọ bá sì wá wí pé, “Màmá, ẹnì kan ní kí n fi àwòrán ìhòòhò ránṣẹ́ sí òun,” ẹ má ṣe na ọwọ́ sí pàṣán. Bí ẹ bá lù ú, kò ní í wá sọ òmíràn mọ́. Ẹ yìn ín pé ó sọ, ẹ má ṣe pa ọ̀rọ̀ tí ẹni náà kọ rẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá; òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 2015 lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ka irú rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ńlá.

Ní alẹ́ òní, a bẹ̀ yín, ẹ bi ọmọ yín léèrè ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí ẹ sì gbọ́ ìdáhùn rẹ̀ tán kí ẹ tó fèsì.