Ọmọ Fi Iṣẹ́ Oṣù Sílẹ̀, Ṣé Orí Rẹ̀ Pé?

Bàbá kan kọ̀wé sí wa lóṣù tó kọjá. Wọ́n ní ọmọ àwọn ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́, owó rẹ̀ kì í yẹ̀ ní ìparí oṣù, àmọ́ ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun fẹ́ di agbaṣẹ́ṣe, kí òun máa ṣiṣẹ́ fún ẹni tó bá pe òun. Bàbá wá bi wá pé: "Ṣé orí ọmọ yìí pé báyìí?"

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè yẹn náà ni màmá wa bi wá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, nígbà tí a fi iṣẹ́ olóòtú tí a ti ṣe fún ọdún méje sílẹ̀. Àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu wa, nítorí a rántí oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Ohun kan wà tó máa ń yà wá lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àwa Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Ànàgó ní Côte d'Ivoire, mélòó nínú àwọn òbí wa àgbà ló gba owó oṣù rí? Àwọn tó wá láti Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká, ọjà ni wọ́n ń tà. Wọ́n dé Abidjan, àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Bouaké, wọ́n gba ọjà àwìn, wọ́n tà á, wọ́n san gbèsè, wọ́n tún gba òmíràn. Ẹnikẹ́ni kò san owó ìsinmi fún wọn. Èrè ọjà yẹn ni wọ́n fi rán wa lọ sí ilé ẹ̀kọ́, kí a lè rí ohun tí wọ́n ń pè ní CDI níbí, ìyẹn àdéhùn iṣẹ́ tí kò ní ọjọ́ òpin. Ọmọ tó bá wá ju CDI nù, ojú ẹni tó ń rìn padà sẹ́yìn ni wọ́n fi ń wò ó.

Bouaké fúnra rẹ̀ mọ owó oṣù, ó sì mọ ìgbà tí kò sí. Ilé iṣẹ́ aṣọ Gonfreville, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920, àti iṣẹ́ ojú irin, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé níbí láti máa ka ọjọ́ títí di ìparí oṣù. Lẹ́yìn náà ni 19 Oṣù Kẹsàn-án 2002 dé. Ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kó lọ, àwọn ilé ìfowópamọ́ tilẹ̀kùn, yunifásítì pàápàá kó lọ sí Abidjan. Ọwọ́ wọn ni ìlú wà títí di 2011. Àwọn tí kò lọ, títà àti rírà, aṣọ rírán, mọ́tò títúnṣe ni wọ́n fi jẹun. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá tó ọdún wọ̀nyẹn kò lè sọ fún ọmọ rẹ̀ pé àpáta ni owó oṣù.

Síbẹ̀, ọjà títà yàtọ̀ sí iṣẹ́ tiwa. Ìyá tó ń ta aṣọ mọ iye tó ra ìgàn kan, kò sì ní tà á ní ìdá kan iye náà. Àwa tí a ń ta àkókò àti ọpọlọ, àwa kì í mọ iye tí ọjà wa jẹ́ lọ́wọ́ ara wa. Ibẹ̀ gan-an ni a ti ṣubú.

Oníbàárà wa àkọ́kọ́ béèrè iye tí a máa gbà lójúmọ́. A mú owó oṣù wa àtijọ́, a pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, a sì dárúkọ ohun tó bọ́ síbẹ̀. Ká fi 200,000 fráńkì CFA ṣe àpẹẹrẹ: ó jẹ́ nǹkan bí 9,000 lójúmọ́. Oníbàárà gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kò tilẹ̀ ná an. Ó yẹ kí ìyẹn fu wá lára!

Ọ̀gá tó ń san 200,000 fún ènìyàn, ohun tó ń ná lé e lórí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń san ìpín tirẹ̀ sí CNPS, kí òṣìṣẹ́ lè rí owó ìfẹ̀yìntì gbà lọ́jọ́ iwájú. Òfin iṣẹ́ ní kó fún òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tó lé ní ọjọ́ méjì fún oṣù kọ̀ọ̀kan tó bá ṣiṣẹ́, kó sì san owó ìsinmi náà. Òun ló ra kọ̀ǹpútà, òun ló ń san owó iná àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́ tí kò bá sí iṣẹ́, ẹ jókòó, ẹ mu kọfí, owó yín ń lọ ní tirẹ̀. Ọjọ́ tí a jáde níbẹ̀ ni gbogbo ẹrù yẹn kúrò lórí ọ̀gá tó sì bọ́ sórí wa, a kò sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò. Owó oṣù 200,000 jẹ́ 2,400,000 lọ́dún. Ẹ fi 600,000 kún un fún iná, íntánẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀, àtúnṣe kọ̀ǹpútà àti owó ìfẹ̀yìntì, ó di 3,000,000. Ẹ wá ka ọjọ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 260 ló wà nínú ọdún. Ẹ yọ ìsinmi, ẹ yọ ọdún Iléyá àti ọdún Kérésì, ẹ yọ àìsàn, ẹ yọ ọjọ́ tí ọmọ bá ní ibà. Ẹ yọ ọjọ́ tí ẹ fi ń wá iṣẹ́ àti ọjọ́ tí ẹ fi ń lé gbèsè. Ní ọdún àkọ́kọ́ tiwa, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni san owó lé lórí kò ju 140 lọ. Ẹ pín mílíọ̀nù mẹ́ta sí ọ̀nà 140: ó lé ní 21,000 lójúmọ́. Ẹ wo 9,000, ẹ wo 21,000. Oṣù mẹ́rin ni a fi ń ta ọjà wa ní àdánù, tí a tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á.

Owó náà kò tilẹ̀ tètè dé. A fi ìwé owó tí wọ́n ń pè ní facture ránṣẹ́, wọ́n ní ó ti dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé ìṣirò owó, wọ́n ní akọ̀wé lọ sí Abidjan, wọ́n ní ká fi ẹ̀dà mìíràn ránṣẹ́. Ọjọ́ kẹtàléláàádọ́rin ni a rí i gbà. Láàárín ìgbà yẹn, àwọn ọmọ wọlé sí ilé ẹ̀kọ́, a sì lọ yáwó lọ́wọ́ màmá wa tó bi wá bóyá orí wa pé. Wọ́n fún wa, wọn kò sọ nǹkan kan. Àìsọ̀rọ̀ yẹn dùn wá ju kí wọ́n bú wa lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti ń gba ìdajì owó kí a tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, a sì ń kọ ọjọ́ tí ìyókù gbọ́dọ̀ wọlé sínú àdéhùn. Orange Money tàbí Wave ti jẹ́ kí àsansílẹ̀ owó rọrùn, kò sí àwáwí pé ilé ìfowópamọ́ ti tì. Ẹni tó bá bínú nítorí àsansílẹ̀, irú rẹ̀ ló ń sanwó ní ọjọ́ kẹtàléláàádọ́rin. Màmá wa tún mú wa wọ àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà. Oṣù tí iṣẹ́ bá pọ̀, a ó dá ti oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Oṣù tí ọ̀dá owó bá dé, ojú kì í tì wá mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gá àtijọ́ o. Ó lè jẹ́ òun ni oníbàárà yín àkọ́kọ́, kò sì burú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní kí ẹ máa dé ní aago mẹ́jọ lójoojúmọ́, kí ẹ tọrọ ààyè kí ẹ tó jáde, tí òun nìkan ń darí yín, òṣìṣẹ́ ni yín lójú òfin. Òfin iṣẹ́ mọ òṣìṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ gba owó lábẹ́ ìdarí àti àṣẹ ẹlòmíràn, ohun yòówù tí wọ́n ìbáà kọ sórí ìwé. Wọ́n kàn fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ CNPS ni.

Ní ti ìwé, àdéhùn OHADA ti 2010 dá ipò kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní entreprenant, fún ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ kékeré. Ìkéde lásán ló fi ń bẹ̀rẹ̀, kò nílò ìforúkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju mílíọ̀nù 5 lọ lọ́dún, owó orí ti ìjọba ìlú ló kàn án. Bí ó bá lé ní 5 títí dé mílíọ̀nù 50, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Òfin ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀, ẹ béèrè ti yín ní ọ́fíìsì owó orí kí ẹ tó kọ ohunkóhun. CNPS náà ti ní ètò fún àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ láti 2019. Owó ìfẹ̀yìntì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni owó ìgbà àìsàn àti ìgbà ìbímọ. CMU tó wà fún ìtọ́jú ara jẹ́ 1,000 fráńkì lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn bàbá wa tó ta ọjà ní ogójì ọdún kò rí irú èyí, ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ni wọ́n ń wò lónìí.

Ilé ni ìṣòro tó kù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, aláìríṣẹ́ ni lójú ẹbí. "Ṣebí o wà nílé, lọ bá wa mú ọmọ wá." "Bá àbúrò rẹ ka ìwé àṣekágbá rẹ̀, ojú ewé ọgọ́rùn-ún péré ni." Péré! Nígbà tí a so aago mọ́ ara ògiri, tí a sì sọ fún gbogbo ilé pé ọ́fíìsì ni ibí yìí títí di aago mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ wa. Màmá wa ló kọ́kọ́ ṣíwọ́. Ní báyìí, àwọn ló ń sọ fún àlejò lẹ́nu ọ̀nà pé: "Ó wà níbi iṣẹ́."

Nítorí náà, bàbá wa, kí ẹ tó pe àwọn ẹbí jọ lórí ọmọ yín, ẹ bi í léèrè iye tó ń gbà lóòjọ́. Bí ó bá ní 9,000, ẹ fa àga, ẹ mú bírò àti ìwé, kí ẹ jọ ka ọjọ́.